Lẹ́tà Láti Ibi Iṣẹ́

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹta, 2006

Ilé kẹta rèé. Charles, ẹ́jẹ́ǹtì, mú mi lọ wo yàrá kan àti pálọ̀ ní Fifth Avenue, nínú Festac níhìn-ín. Omi ń yọ. Fèrèsé pálọ̀ kọjú sí igi máńgòrò. Mo ti ń wo ibi tí mo máa gbé àga sí. Owó ọdún méjì wà nílẹ̀ — owó kọ́ ni wàhálà.

Bàbá Akínfẹ́nwá, onílé, ni wàhálà. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayálégbé ló ṣì ní fáìlì lọ́dọ̀ wọn. Bàbá Fáìlì ni màá máa pè wọ́n níbí. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Agboju, mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe káàdì ìgbéyàwó, àti ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń kọ lẹ́tà.

“Iṣẹ́ ni mo bi ọ́, ìwọ ń sọ ti ṣọ́ọ̀bù.”

Àfi kí n mú lẹ́tà wá láti ibi tí wọ́n ti ń san owó oṣù fún mi, tòun ti sítáǹpù. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bọ́ ara mi! Inú bí mi débi pé mi ò lè dágbére dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Bukky ọ̀rẹ́ mi ló ni yàrá tí mò ń gbé ní Alákijà. Ìgbéyàwó ẹ̀ di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ọkọ ẹ̀ sì ń kó wọlé síbẹ̀. Kò lé mi. Ó kàn fi téèpù wọn ibi tí àwọn báàgì mi wà, pé ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì máa wà. A jọ rẹ́rìn-ín. Tèmi ò dénú.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ta ló ń ṣe ìwé ilé-iṣẹ́ fún ìdajì Festac? Èmi Ẹ̀bùnlọlá náà ni.

Rárá o. Mi ò ní ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo ti ṣe é. “Adébánjí àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀” — kò sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Mo fi búlúù kọ orúkọ ẹ̀, ó rẹwà, Ọlọ́run má bínú. Ẹni tó ń gé sítáǹpù lọ́jà ò béèrè nǹkan kan. Ọwọ́ òsì ni mo fi buwọ́ lù ú bí ọ̀gá àgbà.

Ọjọ́ Ajé, 13

Bàbá Fáìlì kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi àtàǹpàkò ra sítáǹpù. “Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ni iṣẹ́!” Kí n wá gba kọ́kọ́rọ́ ní Sátidé. Ó kù díẹ̀ kí n fò sókè.

Ni wọ́n bá pe ìyàwó wọn pé kó kó ìwé-ẹ̀rí Enoch wá. Ọmọ wọn ni. Ó ti jáde yunifásítì láti ọdún mẹ́rin, ilé ló wà. Màmá Enoch di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa fi han ọ̀gá yín. Iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, even if na cleaner, a máa gbà á.”

Mo gba ìwé náà. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ọjọ́rú, 15

Màmá Enoch pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ń béèrè orúkọ ọ̀gá mi, kí wọ́n lè máa fi gbàdúrà. Mo ní Adébánjí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo yọ ìwé-ẹ̀rí Enoch wò, mo tún dá a padà sínú àpò.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo lọ jẹ́wọ́. Mo ní kàkà kí ìyá yẹn máa gbààwẹ̀ lórí irọ́ mi, kí ilé kúkú bọ́. Màmá Enoch wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n yọ lẹ́tà náà nínú fáìlì mi, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Ìwọ lo ṣe èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Àti sítáǹpù?”

“Àti sítáǹpù, sà. Ẹ má bínú.”

Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìbínú ni. Wọ́n jókòó padà, ohùn wọn wálẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí àwọn máa lọ rí àwọn òbí ọmọbìnrin tí Enoch fẹ́ fẹ́, pé bàbá ọmọ náà ti sọ pé òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́, pé òun fẹ́ rí ìwé. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

“Ṣé o lè ṣe irú ẹ̀ fún Enoch? Má jẹ́ kí ìyá ẹ̀ gbọ́.”

Èébú ni mo múra sílẹ̀ fún. Mi ò múra sílẹ̀ fún èyí.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo ṣe é. Mo gba kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Àná ni mo kó wọlé. Omi ń yọ. Mi ò tíì sùn dáadáa.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni Enoch ti ń wọ táì jáde láàárọ̀. Ìyá ẹ̀ ló ń bá a lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ ibi tó ń lọ, mi ò sì lè bi í.

Màmá Enoch mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn láàárọ̀ yìí. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọdún mẹ́rin nílé, iṣẹ́ dé! Wọ́n ń sunkún. Gbogbo ìjọ ń pariwo Halelúyà. Bàbá Fáìlì jókòó tì mí, wọn ò gbójú kúrò nínú Bíbélì.

Màmá Enoch wá nawọ́ sí mi. Wọ́n ní ọmọ tí Ọlọ́run lò rèé, kó dìde kí ìjọ rí i.

Mo dìde.