Àpótí Oníkọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta

                                        Ẹ̀yìn Ilé Ọlọ́run,
                                        Idigny, Kétou.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Babalọlá, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ ní orúkọ Ẹlẹ́dàá tó dá wa sí di òní. Báwo ni ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́? Ṣé àlàáfíà ni Odile, ọmọ rẹ tó gbà ọ́ sílé ní Pobè, wà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀? Ní tèmi, mo dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àìsàn. Àárẹ̀ ẹni tó rí ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan, tí wọ́n tún ń pè pé kó wá wo òpin rẹ̀ ni.

Wọ́n fẹ́ ti ilé báńkì wa níhìn-ín pa ní ìparí oṣù yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fi owó pamọ́, kó gun alùpùpù zẹ́mì lọ sí Kétou.

Ìwọ náà kò lè gbàgbé. Ní ọdún tí àwọn báńkì ńláńlá ti ilẹ̀kùn mọ́ owó aráàlú, tí owó oṣù àwa olùkọ́ sì dáwọ́ dúró, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Ọlọ́run ni èmi, ìwọ àti olóògbé Ràsákì gbé àpótí ìrókò kalẹ̀ sí. Ìwọ alágbẹ̀dẹ lo rọ àgádágodo mẹ́ta fún un, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sì mú kọ́kọ́rọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dá a ṣí. A kì í ṣí i lọ́jọ́ Àìkú nítorí tèmi, a kì í ṣí i ní Jímọ̀ nítorí Ràsákì, a kì í sì í ṣí i lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ògún nítorí tìrẹ. Agathe, aya àbúrò mi, a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé: "Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, ọjọ́ wo gan-an lẹ ń ṣiṣẹ́?" Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ mú owó àgbàdo rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Adakplamè dé, àwọn ará Kpankou sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ di yàrá, yàrá di ilé ní Kétou, títí ó fi di Báńkì Ìrẹ́pọ̀ tó ní ẹ̀ka káàkiri, tó kọ́ ilé onígíláàsì sí Cotonou. Mo máa ń dúpẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nínú rédíò.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Géraud ti Cotonou wá lórúkọ báńkì náà. Ó ní àwọn fẹ́ gbé àpótí wa tó wà ní ilé báńkì níhìn-ín lọ sínú ilé onígíláàsì, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí àwọn àlejò máa wo inú rẹ̀. Mo ní kó dúró di ọjọ́ mìíràn tí kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pé. Ó ní: "Papa, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. A ní ayùn irin, a ó gé àgádágodo rẹ̀."

Rachidatou, ọmọ Ràsákì, tí kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kàn lọ jókòó lé àpótí náà. "Àbúrò, kọ́kọ́ gé èmi ná. O wá ní Jímọ̀, o mú ayùn wá, o ò sì béèrè alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe báńkì ní Cotonou?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Géraud náà rẹ́rìn-ín. Ó lọ lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n ó ní òun ń padà bọ̀ ní ìparí oṣù.

Nígbà tó lọ tán, àwọn àgbẹ̀ tó dúró síbẹ̀ bẹ̀ mí pé kí àpótí náà padà sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Mo wo orúnkún mi, mo ro ti ojú mi tí kò ríran dáadáa mọ́, mo sì fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. N kò lè sọ ọ́. N kò sì lè gbà fún wọn, nítorí èmi nìkan kọ́ ni mo ni í.

Èmi àti Rachidatou ti fi epo sí àgádágodo tiwa. Méjèèjì yí, wọ́n sì ké bí mo ṣe ń ké nígbà tí mo bá ń dìde lórí ìkúnlẹ̀. Tìrẹ nìkan ló kù. Bí o bá ní kí a fà á lé Géraud lọ́wọ́, n kò ní jiyàn. Bí o bá ní kí a bẹ̀rẹ̀, n ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ rán ẹnikẹ́ni. Wá fúnra rẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe.

Bá mi kí Odile, kó sì wá ẹni tó ń fi sùúrù wakọ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ. Mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ògún.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣọ́ àpótí dè ọ́,
Barnabé