Tírọ́lì Tí Ìjọba Wá Gbé

Olówó orí mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìkirè. Ara Bísọ́lá ọmọ wa ti ń mókun, ìkókó rẹ̀ sì ń mu ọmú dáadáa. Orúnkún mi ti fúyẹ́. Ẹ má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín o.

Háà, mo ríran ní Houston! Mo rí tírọ́lì kan, kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n fi ń kó ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá ọ̀nà ní Sharpstown, àdúgbò Bísọ́lá. Mo ní wọ́n ti jù ú nù ni. Mo tì í wálé, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo sá ata sínú rẹ̀ níwájú ilé. Àfi bí ọkọ̀ ìjọba ìlú ṣe dé! Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín, ó rọra da ata mi sórí aṣọ, ó sì gbé tírọ́lì náà lọ.

Bísọ́lá ní, "Mummy, wọ́n máa ń wá wọn kiri ni, títí kan inú odò. Ṣọ́ọ̀bù tó ni wọ́n ni wọ́n ń dá wọn padà fún."

Ẹnu mi ò tíì padé. Irin lásán, ó mà lẹ́ni tó ń wá a! Níyì ọmọ wa tí ẹ lé jáde nítorí ó fi yunifásítì sílẹ̀ ńkọ́, ta ló ń wá a?

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ mú un wálé. Tírọ́lì yẹn ò tọrọ àforíjì kí wọ́n tó wá a.

Èmi ni,
Ìyá Bísọ́lá