Bíléèdì Kọkànlá

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Àṣẹ dé láàárọ̀: ọkọ̀ òfurufú kankan ò gbọdọ̀ gbéra mọ́ láìjẹ́ pé a yẹ gbogbo bíléèdì abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Irú bíléèdì bẹ́ẹ̀ kan ló ṣẹ́ lójú òfurufú níbòmíràn. Èmi àti Má-kánjú, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n yàn. Màmá ń pariwo lórí fóònù. Ọkọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí gan-an ló fẹ́ wọ̀ lọ kí ọmọ tuntun ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ṣé èmi ọmọ òun ni mo wá fẹ́ di òun lọ́nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo fi ọ̀rá pa bíléèdì, mo ń fi ẹ̀rọ tó ń wá ibi tó bá sán rìn ín lára díẹ̀díẹ̀. Tí ìlà ojú rẹ̀ bá ta sókè, a jẹ́ pé ó sán; tó bá pẹrẹsẹ, ó dára. Nídìí ìkọkànlá, ìlà ojú ẹ̀rọ ta sókè fìrì! Mo tún un ṣe — pẹrẹsẹ. Mo tún un ṣe — ó ta. Má-kánjú gbà á lọ́wọ́ mi — pẹrẹsẹ. "Àbúrò, ọ̀rá yẹn ló pọ̀ jù." Bóyá. Àbí ojú mi ni? Àbí ọwọ́ mi?

Ọjọ́rú, 6
Mi ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọ̀gá ní ṣé ó sán ni àbí kò sán. Mo ní mi ò mọ̀, sà. Ó ní "mi ò mọ̀" ò lè gbé èrò débì kan. Má-kánjú ń nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ṣáà kọ̀, mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ èyí tó dojú kọ ọ́ náà, torí méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn kí ìwọ̀n lè dọ́gba. Wọ́n kó méjèèjì lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ìrìn àjò Màmá ti yẹ̀. Màmá ò gbé fóònù mi.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo kó aṣọ tó ti gbẹ padà sínú omi. Ọkọ mi bá mi kó o jáde. Ó wá ní, "Tí kò bá wá sán ńkọ́?" Ọkàn kan ní mo ṣe é re. Ìkejì ní mo kó ara mi sí wàhálà.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Èsì dé. Ìkọkànlá ò sán rárá, ó dá ṣáká.
Èyí tó dojú kọ ọ́ ló sán. Ó sán wọnú, ó ku díẹ̀ kó ṣẹ́.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò o! Má-kánjú náà yẹ̀ ẹ́ wò. Pẹrẹsẹ ni ìlà rẹ̀. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i pé ó dára.
Màmá pè, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún mi. Gbogbo ibi iṣẹ́ ń kí mi kú iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ọ̀gá ní èmi ni kí n yẹ gbogbo ẹ́ńjìnnì tó kù wò, pé ojú mi ríran.