Ta Ló Júwe Odò Wa Fún Àwọn Ẹlẹ́ja Inú Gíláàsì?

Abúlé Ìdí-Àgbọn,
Lọ́nà Ìpókíá.

Munirat ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òrùlé yàrá tí o háyà n'Íbà kò jò mọ́? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, kò ní jẹ́ kí àwọn ọlọ́kadà Ọ̀jọ́ gbé ọ ṣubú, ilé tí o fi orí lé yóò tù ọ́ lára. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti dẹ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan kú. Mo kí ọ tán o. Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi oyin sí i. Ìyá rẹ ní kí n fi fóònù pè ọ́, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ yìí wúwo, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e dé Ìbà, ó máa já bọ́ lójú ọ̀nà ni.

O rántí ìgbà tí mo wá kí ọ lẹ́yìn Iléyá, tí o mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gbóyèga ọ̀gá rẹ ní Òkokomáìkò. Mo rí ẹja nínú àpótí gíláàsì, mo rí rọ́bà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn, mo sì kí wọn pé ẹ pẹ̀lẹ́, torí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sí imú àbúrò mi Lùkúmọ̀n nígbà tó wà lọ́sibítù. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Mo rí ẹja pupa kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, tó kọlà funfun mẹ́ta, mo ní èló ni, Gbóyèga dárúkọ owó tí ènìyàn lè fi ra òbúkọ. Mo ní ṣé ó máa dàgbà sí i ni, ó ní rárá. Mo ní ṣé ó dùn lọ́bẹ̀ ni, ó ní wọn kì í jẹ ẹ́, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Munirat, láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń wo ẹja, kò sí ẹni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Lọ́lá, ọmọ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì, òun ló sọ òótọ́ fún mi bí a ti ń padà sílé. Ó ní ẹja yẹn kì í ṣe ti òkun wa, bàálù ló gbé e wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Mo ní ta ló fún un ní físà, nígbà tí wọn kò fún ọmọ Baálẹ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní iyùn tó wà nísàlẹ̀ òkun ni ilé ẹja náà. Èmi rò pé iyùn ọrùn ọba ló ń sọ, ó ní mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, pé èyí tó wà lókun ń mí, àwọn ẹ̀dá kéékèèké ló ń mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àìmọye ẹja ló sì ń yé ẹyin sí ihò rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń fi àwọ̀n kó ẹja náà jẹ́jẹ́, àwọn wọ̀nyẹn a sì máa ṣọ́ iyùn wọn bí ojú, torí ibẹ̀ ni oko wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sìn ín nínú omi ilé, wọn kì í dé òkun rárá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń fún májèlé sínú ihò iyùn kí ẹja lè dákú, wọ́n á ṣa èyí tó rẹwà, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ kó kú. Ó fi irú iyùn bẹ́ẹ̀ hàn mí nínú fóònù, funfun báláú bí egungun. Mo yí fóònù sẹ́yìn kí n lè wo òdìkejì rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tí à ń jẹun, mo bi ọ́ pé ẹja ta ni Gbóyèga ń rà, ti alàwọ̀n ni àbí ti onímájèlé. O ní o kò mọ̀, pé tìrẹ ni kí o pààrọ̀ omi kí o sì dá oníbàárà lóhùn. Mi ò bi ọ́ síwájú sí i, mo ń bá oúnjẹ mi lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọkùnrin méjì gbé ọkọ̀ dé ojúlé mi pẹ̀lú ọ̀rá ńláńlá tí omi wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní Gbóyèga ló rán wọn, pé ẹja kéékèèké aláràbarà ni wọ́n wá kó. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe mọ ọ̀nà, wọ́n ní fóònù ló júwe rẹ̀. Mo ní fóònù yìí kò dé Ìdí-Àgbọn rí, ta wá ni ó sọ fún un? Ni wọ́n bá ṣí i, ni mo bá rí àwòrán ojú rẹ, tí o fi gèlè pupa, àti ọ̀rọ̀ tí o kọ pé ẹja ẹlẹ́wà pọ̀ ní odò bàbá rẹ, nídìí ọ̀pẹ ògùrọ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ! Èmi tí mo ti ń ṣọ́ ọ fún ogójì ọdún ńkọ́, ṣé òkú ni mí?

Kí wọ́n tó wá kí mi ni wọ́n ti da Gámálìn, májèlé apakòkòrò, sí òkè odò. Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, epìyà àti àrọ̀ aboyún léfòó lọ bí ewé, wọ́n ti ṣa kéékèèké tí wọ́n fẹ́ sínú ọ̀rá. Fàúsátù ìyàwó ilé wa ti pọnmi níbẹ̀, ó ti mu ún, ó sì bì títí di ìrọ̀lẹ́, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Mo já ọ̀rá náà gbà lọ́wọ́ wọn, mo fẹ́ tú ẹja padà sódò, mo wá rántí pé odò fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n. Mo sáré tú wọn sínú amù ìyá rẹ, mo sì ń fi igi ewé ìbẹ́pẹ tó ní ihò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Ìyá rẹ ní mo ti ya wèrè. Mọ́kànlá ló yè.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n títí òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò fi fọ odò. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rìndínlógún ló da ojú délẹ̀ létí odò báyìí. Baálẹ̀ wá bèèrè pé ọmọ ta ló júwe wa. Gbogbo wọn ló mọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò nítorí mi. Mo dìde, mo ní ọmọ mi ni.

Wọ́n ní kí o wá lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a bá kírun tán.

Ní ti owó, omi inú ọ̀rá ni gbogbo abúlé ń rà mu báyìí, nítorí náà fi owó omi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ láti inú owó ẹja o. Má sì fi alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ mọ́. Ti ìjọsí dún nínú fóònù, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi wọ̀, mi ò rí ẹni tó gbé e wá.

Ọlọ́run kò ní dójú tì ọ́, Munirat. Yóò mú ọ délé láyọ̀, yóò sì fún ọ ní iṣẹ́ tí kò ní pa ilé ẹlòmíràn run. Ẹnu ara rẹ ni wàá fi sọ ohun tí o ṣe níwájú wọn. Èmi yóò dúró tì ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jímọ̀ Àkànbí.