Ilé Tí Mo Fi Àgbàdo Dè Mọ́lẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Àwa náà wà láàyè, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ gbọ́ kí àyà rẹ tó já. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìgbáròkó ìyá rẹ tó ṣẹ́ ló ń bá mi kọ èyí, torí o mọ̀ pé èmi ò mọ̀wé. Fóònù wa ti mu omi yó, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé nọ́ọ̀sì wá ní bí òun bá ti dé orí òkè, òun á pè ọ́, òun á sì ka gbogbo rẹ̀ sí ọ létí. Nítorí náà, fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin.

Odò ti dé ilé. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ nígbà tí bàbá mi ń dáko létí ibí, tí omi á wá fọ ẹsẹ̀ wa, tí á sì padà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ aládùúgbò wa nìkan ni mo ń rí. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti sá lọ sórí òkè.

Ilé tí o kọ́ fún wa la ṣì wà. Ìwọ lo mọ ohun tí o ṣe: àwọn àgbá òfìfo tí o tò sábẹ́ ilẹ̀ pákó, òpó irin mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti òrùka tó ń yọ̀ gòkè lára òpó, tó di ilé mú kí ó má bàa ṣí lọ. O ní bí ilẹ̀ bá gbẹ, ilé á jókòó, bí omi bá dé, ilé á dìde. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ilé tí mo mọ̀ kì í dìde. Aránṣọ sọ mí di Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀, á ní ọjọ́ wo la máa gbéra. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara mi ò balẹ̀.

O ti kìlọ̀ pé ká pín ẹrù káàkiri ilé. Lẹ́yìn ìkórè, mo kó gbogbo àpò àgbàdo, títí kan èyí tí a máa gbìn, mo tò ó mọ́ ògiri ẹ̀yìn bí bàbá mi ti máa ń ṣe. Ìyá rẹ rán mi létí ọ̀rọ̀ rẹ. Mo ní ìwọ ò kórè rí. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mo fẹ́ kí ilé náà wúwo, kí ó má bàa lè gbéra rárá.

Àárọ̀ àná ni mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ wa, bí ìgbà tí màlúù bá ń fa ara rẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀. Iwájú ilé gòkè. Ẹ̀yìn kò kúrò nílẹ̀. Òrùka ẹ̀yìn há mọ́ òpó, ó ń ké. Bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ yọ̀ lọ síbi tí ilé tẹ̀ sí, omi sì ń gba àárín pákó wọlé níbẹ̀. Mo fẹ́ gbé ìyá rẹ, agbára mi ò ká a. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé orúkọ rẹ̀. "Ìwọ, ìwọ" ni mo ń pè é.

Òun ló sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó ní, "Bàbá wọn, àgbàdo yẹn ni. Ẹ dà á nù."

Mo ní èyí tí a máa gbìn wà nínú rẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé èmi lẹ wá fẹ́ gbìn ni?"

Mo ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò jáde. Omi dé orúnkún mi. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ti àgbàdo ni tàbí ti ìyá rẹ. Nígbà tí àpò ku díẹ̀, òrùka náà dún bí ìbọn, ó tú kúrò níbi tó há sí, ẹ̀yìn ilé sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣubú. Ilẹ̀ tẹ́jú, omi sì gba àárín pákó padà lọ.

Ṣé o rántí ìjà wa lórí àwọn òpó? Wọ́n ga ju òrùlé lọ, mo bi ọ́ bóyá àsíá lo fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀. Mo ní kí o gé wọn dé àmì tí bàbá mi fi àdá ṣá sára igi, ibi tí omi ga dé jù láyé rẹ̀. O ní omi tó ń bọ̀ kò mọ bàbá mi. Mo bínú, mi ò bá ọ jẹun lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi, àmì yẹn ti wà lábẹ́ omi báyìí. Orí kunkun rẹ, ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un. O ṣeun tí o ò gbọ́ tèmi.

Ṣùgbọ́n òpó ò lọ títí dé ọ̀run. Ní àná, orí rẹ̀ ṣì ga ju àtẹ́rígbà lọ. Lónìí tí ilé ti gòkè sí i, bí mo ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí, àyà mi ni orí òpó mọ. Kí lo fi dí òkè rẹ̀? Bí òrùka bá dé ibẹ̀, ṣé á dúró, àbí á yọ, kí ilé máa bá odò lọ? Ọlọ́kọ̀ lè mú ọkọ̀ tó fẹ̀ wá gbé ìyá rẹ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní gbígbé yẹn lè tún ìgbáròkó náà ṣẹ́. Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Sọ òótọ́ fún ọlọ́kọ̀, kí ó padà wá sọ fún mi. Bí o bá ní ká dúró, a ó dúró. Bí o bá ní ká lọ, mi ò ní jiyàn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Kí ohun tí o fi ọwọ́ rẹ kọ́ má ṣe dójú tì ọ́. Kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí èmi ti gbọ́ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ẹ̀rù ń bà.

Mo fi èyí kún un: Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀rù ò ba òun rárá, pé ilé tí ọmọ òun kọ́ kò lè já òun kulẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú láti àárọ̀ tó ti ń sọ ọ́, kò sì jẹ́ kí n gbà á padà.