Oyinadé, Sùlíyá Ló Ń Dá Orin Òjò Rẹ Báyìí

Oyinadé, ọdún márùn-ún pé lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Àwa ẹ̀gbọ́n rẹ tó yẹ kó o sin, àwa la jókòó tá à ń ṣe ìrántí rẹ. Ta ni ká fi èyí sùn?

A ò ní parọ́ fún ọ, ọkàn wa ò balẹ̀ bá a ṣe ń kọ èyí. Wọ́n fagi lé ìbò tá a dì, inú bí àwọn ọ̀dọ́, ṣójà sì gba títì. Àfáà tó fẹ́ wá ṣàdúà fún ọ láti Agége ò rọ́nà kọjá, fúnra wa la ṣe é ní pálọ̀. Ọlọ́run á gbà á bẹ́ẹ̀.

Nǹkan ti yí padà lẹ́yìn rẹ. Akeem, ọmọ rẹ ọkùnrin, ti jáde ní Pólì, ó ti ń fá irùngbọ̀n. Yàrá ẹ̀yìn tí o máa ń lá àlá rẹ̀ ti ní páànù lórí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé láyé Sáàpù tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí, ẹni tó bá ra sìmẹ́ǹtì, à á kí i kú oríire ni. Àmọ́ jẹ́lé-ó-sinmi rẹ la fẹ́ ròyìn fún ọ. Sùlíyá, ọmọ rẹ obìnrin, kò jẹ́ kó kú!

Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn fáktírì Ọba Àkrán ṣì ń gbé ọmọ wọn wá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Nígbà ọyẹ́, Sùlíyá ń bá wọn fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣe fèrè. Nígbà àgbàdo, wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe ọmọláńgidi. Àwọn òbí kan ní kó kọ́ ọmọ àwọn lórin sínóò, yìnyín ìlú òyìnbó, bíi tàwọn ilé ìwé olówó ní Allen. Sínóò! L'Ọ́gbà! Sùlíyá ní ìgbà tó bá já bọ́ lórí páànù wa lòun máa kọ́ wọn. Àwọn kan kó ọmọ wọn lọ, ẹ̀rù sì bà á pé ibẹ̀ máa tú mọ́ òun lórí, àmọ́ agídí rẹ ló jogún, kò yí ohùn padà.

Orin òjò rẹ làwọn ọmọ fẹ́ràn jù. O rántí bó ṣe ń lọ:

*Òjò ń bọ̀ o, ẹ wọlé!*
*Afẹ́fẹ́ dé o, ẹ sùn sílẹ̀!*
*Àrá ń sán o, ẹ panu mọ́!*
*Òjò dá, òjò dá, ẹ jáde wá fẹsẹ̀ ta omi!*

Abẹ́ ẹní ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mira tí àrá bá ṣì ń sán. Ìwọ lo ṣòfin pé olùkọ́ kì í dá ìlà ìkẹyìn. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé òjò ti dáwọ́ dúró ló ń dá a, tí gbogbo wọn á sì tú jáde láti abẹ́ ẹní sí àgbàlá. O ní ọ̀nà tí ọmọdé fi ń kọ́ bá a ṣe ń fetí sílẹ̀ nìyẹn. Òfin dáadáa ni, Oyinadé. Ìbọn ni o ò rò mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ìlú dàrú, àwọn ìyá ti wà níbi iṣẹ́ kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Sùlíyá gbọ́ ìbọn, àwọn ọmọ bú sẹ́kún. Kò ti géètì, torí ó rò pé ìyá tó bá ń sá bọ̀ kò yẹ kó dúró máa kanlẹ̀kùn lójú títì. Ó kó àwọn ọmọ sábẹ́ ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ. Nígbà tó dé *àrá ń sán o*, gbogbo wọn dákẹ́. Ìbọn ń dún, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé Àǹtí ti rí ẹni bá a sán àrá. Ó ń tún ìlà yẹn kọ, ó ń tún un kọ.

Ìbọn wá dáwọ́ dúró. Ẹkúndayọ̀, ọmọ Olúwafúnkẹ́mi tó ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì bísíkíìtì, yọ orí lábẹ́ ẹní, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ dá a: *Òjò dá!*

Yéè! Wọ́n tú jáde bí adìyẹ tí wọ́n ṣí àgò fún! Sùlíyá di èyí mú, tọ̀hún bọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ Yẹ̀kínì fi ara dí ẹnu ọ̀nà, àmọ́ Ẹkúndayọ̀ ti gba géètì kọjá, ó ń fẹsẹ̀ ta omi ẹrẹ̀ láàárín títì. Ọkọ̀ ṣójà sì ń yí kọ́nà bọ̀.

Sùlíyá sá tẹ̀ lé e, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sá síwájú, eré ló rò pé wọ́n ń ṣe. Sùlíyá ò mọ ohun tó lè ṣe mọ́ ju pé kó kọrin lọ: *Àrá ń sán o!* Lójú ẹsẹ̀ lọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó panu mọ́. Sùlíyá ṣubú lé e. Ìbọn dún lókè orí wọn, ọkọ̀ náà sì kọjá. Kò sẹ́ni tó fara pa, Alihamudulilahi!

Nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá fẹsẹ̀ rìn dé láti Ọba Àkrán, bàtà lọ́wọ́. Sùlíyá ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún Olúwafúnkẹ́mi.

“Màmá Dayọ̀, èmi ni mi ò ti géètì. Ẹ má bínú.”

Obìnrin náà wo ọmọ rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lójú. Ó pọ̀n ọ́n, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ.

Sùlíyá ò jẹun. Ó ní òun máa ti jẹ́lé-ó-sinmi náà pa. “Bí ọmọ yẹn bá kú ńkọ́? Orin Màámi ló gbé e jáde.” A ní orin náà ló tún mú un dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ṣí padà, ẹnì kan kan géètì láàárọ̀ kùtù. Olúwafúnkẹ́mi ni, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn, Ẹkúndayọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wa dìde. A rò pé ìjà ló bá wá.

“Àǹtí Sùlíyá, ẹ gbà á. Àmọ́ kí n tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ èmi náà lórin yẹn. Yàrá kan là ń gbé lójú títì l'Ágége. Àwa ò tiẹ̀ ní géètì.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ, Oyinadé, ìyá ọlọ́mọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń kọ́ orin òjò. Omi ń bọ́ lójú Sùlíyá bó ṣe ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìlà ìkẹyìn, Ẹkúndayọ̀ yanu láti dá a, Sùlíyá sì rọra fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó jáde dé géètì, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó fetí sílẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó wá dá a fúnra rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyí. Ó ti yí òfin rẹ padà, Oyinadé. Má bínú sí i. Àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ ò sì kúrò lọ́kàn wa. Lọ́jọ́ tí ìlú bá rójú, a máa jẹ́ kí ọmọdé tún máa dá ìlà ìkẹyìn.