Àwẹ̀ tí ìjọ wa gbà fún Mọ́lífọ́ọ̀dù

Abà Akínkéyè,
lẹ́bàá Lálúpọn.
Sátidé, 17 Fẹ́búárì, 1990.

Mojíbọ́lá ọmọ mi,

Sàníù káfíńtà tí mo ní ara rẹ̀ kò yá láti oṣù kọkànlá, kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni mo dá a dùbúlẹ̀ nínú lẹ́tà. Mo kọ́kọ́ fi orúnkún dùn ún, nígbà tí o sì béèrè pé ṣé orúnkún náà kò tíì san, mo fi ibà lé e. Owó páànù tí o fi rán Fọlọ́runṣọ́ awakọ̀ sí mi kí n fi bo ilé ìdáná ìyá rẹ, púùlù ni mo fi ta, gbogbo rẹ̀ ló sì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo ya á.

Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Ẹ̀wẹ̀, ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé lọ́yà ọ̀gá rẹ kì í jágbe mọ́ ọ mọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka yóò ṣọ́ ọ lójú títì Èkó, ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì kò ní rí ọ, ẹni tí yóò bá ọ jẹ tí kò ní bá ọ ṣe kò ní mọ ilé rẹ. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, èyí funfun ń tiro díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú nígbà míì lọ́sàn-án, èyí tó ń bà mí lẹ́rù, torí pé bí ìyá rẹ bá jókòó ti gàrí tó ń yan, tó gbójú sókè, ojú ọ̀run náà ló ń rí. Òróró tí o fi ránṣẹ́ fún orúnkún Sàníù, mo mú un lọ fún un, mi ò jẹ́ fi ìyẹn ṣe nǹkan míì. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ta ló sọ fún Mojíbọ́lá pé ọrùn ń dun òun? Ọrùn ló ń fi pa, ó sì ń ṣàdúrà fún ọ láràárọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé mo kàn jí lọ́jọ́ kan tí orí mi dàrú. Mo lọ ta ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn ní oṣù kẹwàá, òjò sì lé mi wọ ọ́fíìsì Láyí, ọmọkùnrin kan tó ń gba owó púùlù, ìyẹn tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta lórí bọ́ọ̀lù àwọn Òyìnbó. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lára ògiri rẹ̀ nínú gíláàsì, òǹtẹ̀ pupa wà lórí rẹ̀. Mojí, èmi gbà gbọ́ pé ìjọba kò lè lu òǹtẹ̀ mọ́ nǹkan tí wọn kò tíì yẹ̀ wò. Mo rò pé wọ́n ti bá wa tọ́ ọ wò n'Íbàdàn, bí àwọn wolé-wolé ṣe máa ń yẹ ẹran wò kí alápatà tó tà á. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wọlé. Mo ka òfin náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣírò ọjọ́ orí mi, mo rí i pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí, ọkàn mi sì balẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin yẹn, mi ò rò pé wọ́n mọ àwa bàbá rárá.

Wọn á fún ọ ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní kúpọ́ọ̀nù, orúkọ àwọn ìlú Òyìnbó tí yóò gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé wà lórí rẹ̀ ní méjì-méjì, ìwọ á wá mú àwọn tí o rò pé wọn yóò ta ọ̀mì, tí ẹnì kan kò ní na ẹnì kejì. Èyí tí mo kọ́kọ́ ta, ó jẹ. Mo fi ra ẹja bọ̀, ìyá rẹ ní ta ló kú tí mo jogún rẹ̀. Kò tún jẹ mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, owó nìkan kọ́ ló gbé mi padà débẹ̀. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, àwọn tó ń jókòó níwájú Láyí kò kà á débẹ̀, wọ́n á yí mi ká pé kí n bá wọn ka orúkọ ìlú wọ̀nyẹn. Pírọ́fẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Jàmíù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe á pariwo pé ẹ dìde, ẹ dìde, Pírọ́fẹ́sọ̀ ti dé, ẹ pa ẹnu mọ́ kí ìmọ̀ lè wọlé. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé, ta ló tún pè mí ní nǹkan tó ju Bàbá Mojí lọ? Ó dùn mọ́ mi. Bóyá ó yẹ kí ojú tì mí pé ó dùn mọ́ mi, mi ò mọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi bi lọ́yà ọ̀gá rẹ. Nísàlẹ̀ kúpọ́ọ̀nù, wọ́n kọ ọ́ pé èmi tí mo fọwọ́ sí i gbà láti tẹ̀lé òfin eré náà. Mo ti fọwọ́ sí i tó ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tí mo fẹ́ fi í sílẹ̀ ní Kérésì, ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dáwọ́ dúró, mo ti búra èké nìyẹn, wọ́n sì lè fi ọlọ́pàá mú mi. Ìdí tí mo ṣe tún ta á nínú oṣù kìíní nìyẹn, torí mi ò fẹ́ rú òfin. Bá mi bi wọ́n dáadáa, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo lè fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀.

Nígbà tí owó páànù wá ku ìwọ̀nba tí kò lè ra ju ìṣó lọ, mo ní kí n fi ta ti ìkẹyìn, bó bá jẹ, màá dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́. Àwọn yòókù tí mo mú dá mi lójú, àfi ẹyọ kan tó ń dà mí láàmú, ìyẹn Básítọ́ọ̀nù àti Mọ́lífọ́ọ̀dù. Bí mo bá ní ọ̀mì ni wọn yóò ta, ọkàn mi á ní irọ́ ni.

O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ìjọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń mú un wá, èmi ni mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí Wòlíì Lazarus ń kà níwájú pẹpẹ. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi kọ ọ́, lábẹ́ ẹni tó ń wá ọmọ àti ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, pé kí ìjọ rántí Arákùnrin Básítọ́ọ̀nù àti Arákùnrin Mọ́lífọ́ọ̀dù tí wọn yóò kojú ara wọn ní Sátidé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀kan borí èkejì. Mojí, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo rò ó pé àlàáfíà ni mo ń tọrọ. Bí ẹnì kan kò bá na ẹnì kan, ta ni yóò sunkún níbẹ̀?

Wòlíì kà á dé ibẹ̀, wọ́n ní ọmọ ibo nìwọ̀nyí. Mo ní ará òkè òkun ni wọ́n. Wọ́n ní kí ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ní inú pápá kan ni wọ́n jọ wà. Wọ́n ní háà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀! Gbogbo ìjọ kérora, torí kò sí ilé kan nínú wa tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì kàn rí. Màmá Dorothy, ìyá àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin aládùúrà, bi mí pé èèyàn mélòó ló wà lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ní mọ́kànlá-mọ́kànlá. Wọ́n ní yéè, ọmọkùnrin mọ́kànlá! Wọ́n ní ṣé kò sí àgbà kankan tó lè là wọ́n ni? Mo ní ọ̀gbẹ́ni kan wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n fèrè nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní fèrè kò ká èyí, àwẹ̀ ni yóò ká a. Bí ìjọ ṣe gba àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, ìyá rẹ náà gbà á.

Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó ti rédíò. Básítọ́ọ̀nù na Mọ́lífọ́ọ̀dù ní góòlù mẹ́rin sí òdo. Mo bi ara mi bóyá mo ṣi orúkọ wọn kọ ni, tí àdúrà náà fi ṣìnà lójú òkun, tàbí bóyá àwọn ará Básítọ́ọ̀nù náà gbààwẹ̀ tiwọn.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, kí n tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀ṣì, Màmá Dorothy ti dì mí lápá mú pé báwo ni ti àwọn ọmọ yẹn. Mi ò lè purọ́ nínú aṣọ funfun. Mo ní Básítọ́ọ̀nù na Mọ́lífọ́ọ̀dù, ó nà án lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì rí ẹyọ kan dá padà. Ìyá náà káwọ́ lérí, wọ́n ní lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣé kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá ni? Wòlíì kéde àwẹ̀ ọjọ́ méje tí yóò parí ní ọ̀la. Àwọn yòókù ń jẹun bó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n Màmá Dorothy, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ní ògì tó ṣàn nìkan ni yóò máa kan òun lẹ́nu títí òun yóò fi gbọ́ pé Mọ́lífọ́ọ̀dù ti dìde. Wọ́n tún kó ẹyin mẹ́fà àti àbóníkì kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ránṣẹ́ sí i, kó fi para. Wọ́n wà nínú igbá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ta ni mo fẹ́ fi wọ́n rán? Mi ò sì lè jẹ ẹyin Mọ́lífọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ yìí, bí èmi àti ìyá rẹ ṣe ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, a rí Màmá Dorothy lójú ọ̀nà, wọ́n di igi ọ̀pẹ mú kí wọ́n má baà ṣubú. A gbé wọn délé. Wọ́n ní kí a má ṣèyọnu, ẹni tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mẹrin ni kí a máa ṣàánú.

Mojí, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi bí a ṣe délé. Bí ìyá rẹ ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, bọ́ọ̀lù? Ó ní ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́fà tún lé e, ni òun fi febi pa ara òun nítorí ọkùnrin méjìlélógún tó yó kí wọ́n tó jáde nílé? Ó ní páànù òun ńkọ́? Ó ní kí n dìde, kí a máa lọ sí Lálúpọn.

Mo bẹ Láyí pé kó má gba kúpọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ní Pírọ́fẹ́sọ̀, ẹ má bínú sí mi, òfin tó wà lọ́wọ́ òun, ọmọdé ló wà fún, wọn kò sọ pé kí òun lé bàbá jáde. Ìyá rẹ ní ó dáa, òun yóò bá ìjọba fi kún un. Ó yọ fọ́tò pélébé tí mo yà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó bu ẹ̀kọ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lábẹ́ òfin ọmọdé gan-an. Ó ní eléyìí náà kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Jàmíù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láyí nawọ́ pé kí òun ṣí i kúrò, ìyá rẹ kàn wò ó, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Mo rí ojú ara mi lára ògiri yẹn, ojú tì mí, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bọ̀ nílé, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, mi ò lè parọ́.

Mo yà lọ́dọ̀ Màmá Dorothy pé kí n sọ ọ́. Ìyá rẹ ti gbé ògì lọ síbẹ̀, wọ́n ti mu díẹ̀, ojú wọn ti là. Kí n tó lanu, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ìwọ tí o gbé ẹjọ́ àjèjì wá síwájú Ọlọ́run, àánú inú rẹ yìí, ọmọ rẹ ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Mi ò jẹ́wọ́ mọ́. Mo ní kí wọ́n jẹun, wọ́n ní ó di ọ̀la, nínú ìjọ. Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ ní bí mi ò bá la ẹnu mi lọ́la, òun yóò bá mi là á.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ojú ń tì mí ṣùgbọ́n òjò kò ní dúró dè mí. Bí o bá rí owó páànù míì, má fi rán sí mi, ìyá rẹ ni kí o fi rán sí, tàbí Sàníù fúnra rẹ̀, orúnkún rẹ̀ le, yóò gun òrùlé. Bá mi fi agolo mílíìkì méjì àti ṣúgà sí i fún Màmá Dorothy. Má fi bátìrì rédíò ránṣẹ́. Bí mo bá sì tún kọ̀wé pé ara ẹnì kan kò yá lábúlé yìí, ìbáà jẹ́ èmi gan-an, kọ́kọ́ bi ìyá rẹ.

Ohun tí o bá fi òógùn wá kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìwọ yóò mọ ibi tó yẹ kí o ti yà kí ọ̀nà tó sọ ọ́ nù. Ọkọ tí yóò fẹ́ ọ kò ní mọ ọ́fíìsì púùlù, bó bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyàwó rẹ̀ yóò ní fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Àṣẹ.

Lọ́la, bí Wòlíì bá pè mí láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá, màá sọ fún gbogbo ìjọ pé bọ́ọ̀lù ni Básítọ́ọ̀nù, bọ́ọ̀lù ni Mọ́lífọ́ọ̀dù, èmi ni kí wọ́n gbàdúrà fún. Bí wọ́n bá fẹ́ gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbà á. Lẹ́yìn náà, màá gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú Màmá Dorothy, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ funfun mi, mi ò sì ní dìde títí wọn yóò fi jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ẹkúndayọ̀.